Rọ́ọ̀mù Àgbà Láti Kàríbéánì: Bí Ẹ Ṣe Máa Rà Á, Bí Ẹ Ṣe Máa Tọ́jú Rẹ̀, Bí Ẹ Ṣe Máa Tọ́ Ọ Wò

Ìbéèrè kan náà lórí rọ́ọ̀mù, ọtí líle tí wọ́n ń ti ara ìrèké pọn, ni ẹ ń bi mí ṣáá. Ẹni tó wà ní Peckham ń bi mí, ẹni tó wà ní Súrúlérè ń bi mí: "Wọ́n kọ 23 gàdàgbà sára ìgò Zacapa yìí, ṣé ọtí ọdún 23 ni?" Èyí tó máa ń tẹ̀ lé e ni: "Èwo ni kí n kọ́kọ́ rà?" Dípò kí n máa dá yín lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú kò pọ̀. Nọ́ńbà ńlá tó wà lọ́rùn ìgò kọ́ ló ń mú ọtí níyì. Nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ máa wá: ilé ìpọntí tó ti wá, ọdún tí wọ́n pọn ọ́n, àti ibi tí àgbá rẹ̀ ti jókòó. Ìgò olówó ńlá tó bá fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa mọ́ fún yín, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì rà á.

Aláboyún, ẹni tó ń lo oògùn tí kò bá ọtí mu, àti ẹni tó máa wakọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà: ẹ kà á fún ìmọ̀, kí ẹ fi títọ́ ọ wò sílẹ̀.

## Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí ọtí

Ẹ kó àwọn nǹkan wọ̀nyí jọ ná:

- Ife mẹ́rin tó fẹ̀ nídìí, tí ẹnu rẹ̀ sì há. Tọ́ńbìlà ẹlẹ́nu gbàgà kò wúlò níbí. Òórùn ọtí á ti tú ká kí imú yín tó débẹ̀.
- Omi tí kò ní òórùn oògùn, àti strọ́ọ̀ kan tí ẹ máa fi kán an sínú ọtí.
- Ìwé àti bíró.
- Ìgò kéékèèké, 100 mílílítà àti 200 mílílítà, tí ìdérí wọn le dáadáa.
- Hydrometer ọlọ́tí, èyíinì ni ohun èlò onígíláàsì tó ń léfòó nínú ọtí tó sì ń sọ bó ṣe le tó. Ẹ máa rí ìwúlò rẹ̀ níwájú.

## Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí imú yín fẹ́

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyí: ènìyàn á fi owó oṣù kan ra Caroni, rọ́ọ̀mù Trinidad kan, nítorí pé ó gbọ́ pé ó wọ́n, á ṣí i, á sì ní ó ń rùn bí ọ̀dà títì. Bẹ́ẹ̀ ni o, bó ṣe yẹ kó rùn nìyẹn! Kó tó di pé ẹ ra ohun tó wọ́n, ẹ fi ìgò kékeré tàbí ife kan-kan ní ilé ọtí tó mọṣẹ́ kọ́ imú yín.

Jàmáíkà. Ibí ni òórùn ti pọ̀ jù. Ní ilé ìpọntí Hampden, wọ́n máa ń jẹ́ kí ìpìlẹ̀ ọtí máa kan, kó sì máa hó fúnra rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, nígbà mìíràn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó tó dórí iná. Wọ́n tún máa ń da omi kíkan tó ṣẹ́kù sídìí ìkòkò lẹ́yìn ìpọntí àtẹ̀yìnwá mọ́ ọn. Dunder ni wọ́n ń pè é. Ohun tó ń ti ibẹ̀ jáde ni ẹ́sítà, òun ló ń fún ọtí náà ní òórùn ọ̀pẹ òyìnbó tó ti pọ́n kọjá ààlà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti dúdú, àti góòmù tí bàtà fi ń lẹ̀. Lẹ́tà tí ẹ máa rí lára ìgò Hampden ń sọ bí ẹ́sítà náà ṣe pọ̀ tó. OWH wà nísàlẹ̀, 40 sí 80 giramu nínú 100 lítà ògidì álíkóhọ̀ọ̀lù. HLCF wà láàrin, 500 sí 600. DOK wà lókè téńté, 1500 sí 1600. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kò ní nǹkan tó fẹ́ fi DOK ṣe. Látijọ́, kí wọ́n lè kán díẹ̀ sínú ọtí mìíràn tàbí sínú ohun jíjẹ aládùn ni wọ́n ṣe ń pọn ọ́n. Worthy Park tù ju Hampden lọ, Appleton sì tù ju méjèèjì. Appleton 12, tó ní 43% álíkóhọ̀ọ̀lù, ni ẹnu ọ̀nà tí mo máa ń júwe fún àlejò.

Barbados. Ọtí inú ìkòkò ìpọntí (pot still) àti ọtí inú òpó ìpọntí (column still) ni wọ́n máa ń lú pọ̀ níbí, ó sì máa ń jẹ́jẹ́ lẹ́nu: àgbọn, èèpo ọsàn, ẹ̀pà yíyan. Mount Gay wà níbẹ̀, St Nicholas Abbey wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilé tí àwọn olùkójọ ń sáré tẹ̀ lé ni Foursquare ti Richard Seale, pàápàá àwọn ìgò tó pè ní Exceptional Cask. Doorly's 12 ti ilé kan náà ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Owó rẹ̀ kò ga, wọn kì í fi ṣúgà sí i, ó sì máa kọ́ yín ní ohun tí ojúlówó rọ́ọ̀mù ń jẹ́.

Guyana. Orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà Gúúsù ló wà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń to rọ́ọ̀mù Kàríbéánì tó máa yọ ọ́ sílẹ̀. Igi ni wọ́n fi kan àwọn ìkòkò ìpọntí kan ní ilé ìpọntí Diamond, láti àwọn ilé ìpọntí àtijọ́ tó ti kógbá sílé ni wọ́n sì ti kó wọn wá. Bí ẹ bá rí PM lára ìgò, Port Mourant nìyẹn, ìkòkò onígi méjì tó so kọ́ra. VSG ni Versailles, EHP ni Enmore. Òórùn tábà, kànáfùrù àti ṣúgà tó ń jóná lọ díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa retí.

Trinidad. Caroni kógbá sílé ní 2003. Ọdún kejì ni Luca Gargano, ará Ítálì tó ni iléeṣẹ́ ọtí Velier, lọ bá àwọn àgbá tó ṣẹ́kù níbẹ̀. Gbogbo Caroni tó wà láyé lónìí ti inú ohun tí wọ́n pọn kí wọ́n tó tilẹ̀kùn ni. Kò ní sí òmíràn mọ́. Ìdí tó fi gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn, òun náà ló sì mú kí àwọn oníjìbìtì fẹ́ràn rẹ̀.

Martinique, Guadeloupe, Hàítì. Omi ìrèké tútù ni wọ́n ń lò dípò oyin dúdú tó ń ṣẹ́kù lẹ́yìn ṣúgà. Òórùn koríko tútù kò ní kúrò nínú rẹ̀ bó ti wù kó pẹ́ tó nínú àgbá. Láti 1996 ni AOC, òfin Faransé tó ń dáàbò bo orúkọ ọtí àti oúnjẹ, ti ń dáàbò bo ti Martinique: "vieux" gbọ́dọ̀ lo ọdún 3 nínú àgbá, "VSOP" ọdún 4, "XO" ọdún 6. Ẹ wá JM, Neisson, Clément. Ní Hàítì, ẹ wá Barbancourt ọlọ́dún 8 tàbí 15.

Kúbà. Fífúyẹ́ ni, ó mọ́ lẹ́nu, àwọn olùkójọ kò sì fi bẹ́ẹ̀ rí ohun púpọ̀ kó jọ níbẹ̀. (Àwọn ọmọ Òrìṣà níbẹ̀ ń fi ẹnu fẹ́n ọtí ìrèké sí Ẹlẹ́gbára lára títí dòní. Ti funfun olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń lò. Kò sẹ́ni tó gbọ́ rí pé Ẹlẹ́gbára béèrè ọdún.)

## Bí ẹ ṣe máa ka ara ìgò

Ẹ gbé ìgò náà lọ síbi tí iná ti mọ́lẹ̀, kí ẹ kà á níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ tẹ̀ lé e báyìí:

1. Ẹ wá orúkọ ilé ìpọntí. "Rọ́ọ̀mù Kàríbéánì tó dára jù" kì í ṣe orúkọ ilé. Bí orílẹ̀-èdè nìkan bá wà níbẹ̀, ẹ dín iye tí ẹ fẹ́ san kù. Bí orílẹ̀-èdè pàápàá kò bá sí, ẹ gbé e padà sórí pẹpẹ.

2. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà. Ní Jàmáíkà, Barbados àti Guyana, bí wọ́n bá kọ ọdún 12 sára ìgò, èyí tó kéré jù lọ nínú gbogbo ọtí tí wọ́n pò mọ́ra ti lo ọdún 12. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó dá dúró láìsí "ọdún" lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tàbí tó bá ọ̀rọ̀ náà "solera" (ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pò ọtí tuntun mọ́ ti àtijọ́ léraléra) rìn, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Zacapa 23 tí ẹ ń béèrè yẹn, Guatemala ló ti wá, àwọn tó ń ṣe é sì sọ fúnra wọn pé ọtí ọdún 6 títí dé 23 ni wọ́n pò pọ̀. Wọn kò pa irọ́. Ẹni tó rà á ni kò kà á.

3. Ẹ wá déètì méjì. Ọdún ìpọntí àti ọdún tí wọ́n rọ ọ́ sínú ìgò. Ẹ yọ èkíní kúrò nínú èkejì, ọjọ́ orí rẹ̀ nìyẹn. Ọdún ìpọntí nìkan kò tó.

4. Ẹ wádìí ibi tí àgbá ti jókòó. Èyí ni ọ̀pọ̀ yín ń fò, òun ló sì ṣe pàtàkì jù lójú mi. Nínú ooru Kàríbéánì, ọtí ń fẹ́ lọ kúrò nínú àgbá ní nǹkan bí 6% lọ́dún, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní England tàbí Scotland, nǹkan bí 2% ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: 100 lítà tó lo ọdún 20 ní Jàmáíkà lè ṣẹ́ku bí 29 lítà. Bó bá jẹ́ Liverpool ló ti lo ọdún 20 yẹn, bí 67 lítà ló máa ṣẹ́kù. Nítorí náà, ọdún 20 ní ilẹ̀ ooru àti ọdún 20 ní ilẹ̀ òtútù kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn, ẹ má sì san owó kan náà fún wọn. Ara ìgò tó dáa máa ń sọ ọ́: "tropical ageing" ni wọ́n ń kọ fún ilẹ̀ ooru, "continental" fún ti Yúróòpù.

5. Ẹ wo bó ṣe le tó. 40% túmọ̀ sí pé wọ́n ti bomi là á dáadáa. 46% dára fún mímu bẹ́ẹ̀. 57% sókè sún mọ́ bó ṣe rí nínú àgbá. Fún ìkójọpọ̀, mo fẹ́ràn 46% sókè, nítorí ẹni tó bá fẹ́ lè bomi là á fúnra rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè yọ omi kúrò.

6. Ẹ fura sí ṣúgà. Òfin Yúróòpù gbà kí wọ́n fi tó 20 giramu ṣúgà sínú lítà kan, kí wọ́n sì ṣì máa pè é ní rọ́ọ̀mù. Jàmáíkà kò gbà á rárá fún ọtí tó bá fẹ́ jẹ́ orúkọ ilẹ̀ náà. Ẹ ó rí bí ẹ ṣe lè dán an wò nísàlẹ̀.

7. Ẹ gbàgbé àwọ̀. Kàrámẹ́ẹ̀lì lè sọ ọtí ọdún 3 di dúdú ju ti ọdún 15 lọ.

Ẹ jẹ́ ká gbé àpẹẹrẹ kan yẹ̀ wò. Ká ní ẹ rí ìgò tó sọ pé: Jàmáíkà, Hampden, ìkòkò ìpọntí, HLCF, wọ́n pọn ọ́n ní 2010, wọ́n rọ ọ́ sígò ní 2021, ilẹ̀ ooru, 60%, kò sí ṣúgà. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju ìlà mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n ẹ ti mọ ilé, ọjọ́ orí (11), bí òórùn rẹ̀ ṣe máa lágbára tó, àti pé omi wà fún yín láti fi ṣeré. Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò mìíràn tó ní òwú wúrà lọ́rùn, páálí bí àpótí ìyàwó, àti "Gran Reserva 25", kò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Páálí ni owó yín ń rà.

### Bí ẹ ṣe lè dán ṣúgà wò nílé

- Ẹ kán díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ fi ọwọ́ kejì ra á títí yóò fi gbẹ. Bí ọwọ́ bá ń lẹ̀, ṣúgà wà níbẹ̀.
- Ẹ fi ife tí ẹ ti mu tán sílẹ̀ di àárọ̀ láìfọ̀ ọ́. Èyí tí kò ní ṣúgà á gbẹ, á sì máa ta sánsán. Èyí tó ní ṣúgà á lẹ̀ mọ́ ìdí ife.
- Ẹ ju hydrometer sínú ọtí tó wà ní ìwọ̀n ooru 20°C. Bí ara ìgò bá ní 40% tí hydrometer sì ní 35%, nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó mú un wúwo.
- Bí ẹ kò bá fẹ́ ṣe wàhálà, àwọn iléeṣẹ́ ọtí ìjọba, Systembolaget ti Sweden àti Alko ti Finland, máa ń kọ iye ṣúgà tó wà nínú ọtí tí wọ́n ń tà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá orúkọ ìgò yín níbẹ̀.

Ṣúgà kì í ṣe májèlé o. Bó bá dùn mọ́ yín, ẹ mu ún. Ohun tí kò bójú mu ni kí ẹ san owó àgbà fún ohun tí ṣíbí ṣúgà méjì ṣe.

## Ríra

Ìgò mẹ́ta àkọ́kọ́. Appleton 12, Doorly's 12, Barbancourt 8. Ẹ mu wọ́n tán kí ẹ tó ra ìkẹrin. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá Hampden 8 tó jẹ́ 46%. Lẹ́yìn ìyẹn, imú yín fúnra rẹ̀ ló máa júwe ọ̀nà.

Àjọ ìgò. Fún ìgò tó wọ́n gan-an, ọ̀nà tí mo fọwọ́ sí jù nìyí, a sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ènìyàn méje dá owó jọ, wọ́n ra ìgò 700 mílílítà kan, kálukú sì gba 100 mílílítà tirẹ̀ nínú ìgò kékeré. Oṣù tó ń bọ̀, ẹlòmíì ló máa yan ìgò. Òfin méjì ló ń gbà á lọ́wọ́ ìjà: ojú gbogbo yín ni kí wọ́n ti ṣí i, ẹni tó pín in ni kó sì mú tirẹ̀ kẹ́yìn.

Gbàǹjo. Ìgò tí kò sí ní ṣọ́ọ̀bù mọ́, bí Caroni àti Foursquare àtijọ́, gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì ló kù. Ẹ ṣe é báyìí:

1. Ẹ wo iye tí irú ìgò náà gan-an ti lọ ní gbàǹjo tó ti kọjá. Ẹ má ṣe lo iye tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè. Ẹni tó ń béèrè kò tíì tà.
2. Ẹ kọ iye tó pọ̀ jù tí ẹ lè san sílẹ̀ kí gbàǹjo tó bẹ̀rẹ̀. Inú iye yẹn ni owó gbàǹjo fúnra rẹ̀, owó orí, owó ìfiránṣẹ́ àti owó ibodè gbọ́dọ̀ wà. Ẹni tó gbàgbé wọn máa ń rí i pé ìgò £200 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di £300.
3. Ẹ wo bí ọtí ṣe ga tó nínú ọrùn ìgò. Bó bá ti sọ̀ kalẹ̀ dé èjìká, kọ́ọ̀kì ti ń jò, afẹ́fẹ́ sì ti wọ ọtí náà.
4. Ẹ béèrè àwòrán ìdérí, ìsàlẹ̀ ìgò àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun kò ráyè yà á, ẹ̀yin náà ẹ má ráyè sanwó.
5. Bí agogo bá ku ìṣẹ́jú kan tí iye sì ti kọjá ohun tí ẹ kọ, ẹ pa fóònù.

Ayédèrú. Inú òfìfo ìgò tòótọ́ ni wọ́n sábà máa ń rọ ọ́ sí. Nítorí náà, bí ẹ bá mu ìgò olówó ńlá tán, ẹ fi bíró fa ìlà kọjá lára lébẹ̀ẹ̀lì kí ẹ tó sọ ọ́ nù, ẹ má sì tà á fún àwọn tó ń ra òfìfo. Nǹkan tó yẹ kó ta yín lólobó: ìdérí tó ṣe wúruwùru, lẹ́tà tí kò gún, lébẹ̀ẹ̀lì tuntun lára ìgò àtijọ́, àti iye tó kéré jù. Kò sẹ́ni tó ń fi Caroni ta ọ̀pọ̀.

Àgbá odidi. Àwọn kan á pè yín pé kí ẹ ra àgbá rọ́ọ̀mù kan gẹ́gẹ́ bí ìdókòwò, pé èrè rẹ̀ dájú. Ẹ sá. Bí wọn kò bá lè fi ìwé hàn láti ọwọ́ ilé ìkẹ́rù tí àgbá náà wà, tó ní orúkọ yín àti nọ́ńbà àgbá náà nínú, kò sí ohun tí ẹ rà. Kódà bí ìwé bá wà, ẹ rántí 6% tó ń fẹ́ lọ lọ́dọọdún.

## Títọ́jú ìgò

Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí dájú: rọ́ọ̀mù kì í dàgbà nínú ìgò. Ọtí ọdún 12 tí bàbá yín rà ní 1985 ṣì jẹ́ ọtí ọdún 12. Ó lè wọ́n nítorí pé irú rẹ̀ kò sí mọ́, ṣùgbọ́n àgbá nìkan ló ń sọ ọtí dàgbà.

- Ẹ gbé e dúró gbọnrangandan. Ẹ má ṣe dá a dùbúlẹ̀ bíi ti wáìnì. Ọtí líle máa ń jẹ kọ́ọ̀kì.
- Ẹ gbé e kúrò lójú oòrùn àti lójú iná. Inú wọ́ọ̀dúróòbù nísàlẹ̀ dára ju pẹpẹ pálọ̀ lọ. Mo mọ̀ pé pálọ̀ ni àlejò ti máa rí i.
- Ní Èkó, Ìbàdàn, Kùtọnu: ẹ wá yàrá tí ooru rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Orí fíríìjì gbóná, ilé ìdáná gbóná, bùútù ọkọ̀ ló burú jù.
- Ẹ fi rọ́bà tín-ínrín tí wọ́n ń pè ní Parafilm wé ìdérí ìgò tí ẹ fẹ́ fi pamọ́ pẹ́.
- Bí ìgò tí ẹ ti ṣí bá ti lọ sí ìdajì, ẹ dà á sínú ìgò kékeré tó máa kún dé ẹnu. Afẹ́fẹ́ púpọ̀ lórí ọtí díẹ̀ ló ń pa adùn rẹ̀.
- Kọ́ọ̀kì àtijọ́ lè ṣẹ́ sínú ìgò. Ẹ fọ kọ́ọ̀kì ìgò tí ẹ ti mu tán, kí ẹ kó o pamọ́ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá fọ́ sínú ọtí, ẹ fi asẹ́ tíì sẹ́ ẹ.
- Ẹ ya àwòrán ìgò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú rìsíìtì rẹ̀. Bí olè bá wọlé tàbí iná bá jó, ohun tí iléeṣẹ́ adójútòfò máa béèrè nìyẹn.

## Títọ́ ọ wò

Ẹ má ṣe ju mẹ́rin lọ lálẹ́ kan. Lẹ́yìn ìkẹrin, ẹnu kì í sọ òótọ́ mọ́.

1. Ẹ má ṣe jẹ ata kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì fi lọ́fínńdà sára. Búrẹ́dì lásán tàbí bisikíìtì tí kò dùn ló yẹ kó wà nítòsí.
2. Ẹ tò wọ́n. Èyí tí kò le ṣáájú, èyí tó le tẹ̀ lé e. Barbados ṣáájú Jàmáíkà, Caroni kẹ́yìn. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Hampden, omi lásán ni Doorly's máa dà lẹ́nu yín, ẹ ó sì dá a lẹ́bi láìṣẹ̀.
3. Ẹ da 15 sí 20 mílílítà sínú ife, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Èyí tó bá ju 60% lọ lè jókòó fún ìdajì wákàtí.
4. Ẹ gbé ife sí àgbọ̀n, kì í ṣe sí imú. Ẹ la ẹnu díẹ̀, kí ẹ rọra máa gbé e sókè títí òórùn á fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ẹni tó bá ki imú bọ inú ife ọtí 60% ti pa imú rẹ̀ fún alẹ́ yẹn. Ẹ gbé e sí ihò imú kan, kí ẹ tún gbé e sí ìkejì. Òórùn wọn kì í dọ́gba.
5. Ẹnu àkọ́kọ́ kì í ṣe ti ìdájọ́. Ẹ mu bí ìdajì ṣíbí tíì, kí ẹ yí i ká gbogbo ẹnu. Yóò ta yín. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó jí ẹnu.
6. Ẹnu kejì ni kí ẹ fetí sí. Ẹ jẹ́ kó jókòó lórí ahọ́n fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e mì, ẹ mí jáde nímú. Ibẹ̀ ni kànáfùrù, tábà, atalẹ̀ àti àgbọn ti máa ń jáde.
7. Ẹ kán omi. Ẹ fi strọ́ọ̀ kán méjì tàbí mẹ́ta, ẹ tún gbóòórùn rẹ̀. Nínú Port Mourant, omi díẹ̀ máa ń lé igi sẹ́yìn, èso á sì yọjú. Ọtí 40% kò nílò rẹ̀.
8. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn tí àgbà inú ilé bá ti ní òun gbọ́ òórùn fáníílà, gbogbo yín lẹ máa gbọ́ fáníílà. Ohun tí ẹ mọ̀ nílé ni kí ẹ kọ: orógbó, áásáà, àgbàlùmọ̀, epo kérosíìnì. Ìwé yín ni, kì í ṣe ìdánwò.
9. Ẹ ka bó ṣe pẹ́ tó lẹ́nu. Èyí tó pòórá lójú ẹsẹ̀ kò tó owó ńlá, ohunkóhun tí wọn ì báà kọ sára ìgò.

Ẹ lè tu ú jáde. Àwọn tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun ń tu ú, kò sì sí ìtìjú nínú rẹ̀.

### Ohun tó ń dà bí àdùn tí kì í ṣe àdùn

Kíkorò igi. Ọtí tó bá ti lo ọdún 20 sókè nínú ooru Kàríbéánì lè mu igi jù, títí tí ẹnu á fi gbẹ bí ìgbà tí ènìyàn bá jẹ orógbó. Ọ̀pọ̀ máa ń pe ìyẹn ní "ìjìnlẹ̀" nítorí iye tí wọ́n san. Èmi ò pè é bẹ́ẹ̀. Nínú ti ilẹ̀ ooru, ọdún 10 sí 15 ni mo ti ń rí èyí tó dùn jù, owó rẹ̀ sì máa ń jẹ́ ìdajì tàbí ìdá mẹ́ta ti àwọn arúgbó. Ti Guyana tó dàgbà sí Yúróòpù lè gba 25 láìkorò.

Yìnyín àti kóòkì: ìgò yín ni, owó yín ni. Ṣùgbọ́n ẹ mu ẹnu mẹ́ta láìfi nǹkan kan sí i ná.

## Gbígbé e rìnrìn-àjò

- Ọtí tó bá ju 70% lọ kò gbọdọ̀ wọ bàálù rárá, ì báà jẹ́ nínú báàgì ọwọ́ tàbí èyí tí ẹ fún wọn. Ní Grenada, Rivers Antoine ń ta rọ́ọ̀mù 75% fún àwọn ará ilé, wọ́n sì ń ṣe 69% fún àwọn tó fẹ́ wọ bàálù. Ẹ ka ara ìgò kí ẹ tó sanwó.
- Láàrin 24% sí 70%, lítà 5 ni ẹnì kan lè gbé, kó sì wà nínú ìgò tí wọn kò tíì ṣí. Ìgò kéékèèké àjọ tí ẹ fọwọ́ rọ kò sí nínú èyí.
- Bí ẹ bá ra ọtí ní pápákọ̀ òfuurufú tí ẹ sì máa yí bàálù ní ìlú mìíràn, ẹ má ṣe já ọ̀rá tí wọ́n dì í sí. Bí ẹ bá já a, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín.
- Ẹ wé e sínú aṣọ méjì nípọn, kí ẹ fi ọ̀rá dì í, kí ẹ sì gbé e sí àárín àpótí. Agbádá dára fún èyí, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe lo èyí tí ẹ fẹ́ wọ̀ lọ sóde.
- Ẹni tó ń wọ Britain lè mú lítà 4 ọtí líle wọlé láìsan owó ibodè. Ẹni tó ń wọ Amẹ́ríkà, lítà 1 ni ìwọ̀n tó wọ́pọ̀.
- Rọ́ọ̀mù Kúbà kò gbọdọ̀ wọ Amẹ́ríkà nínú báàgì yín láti oṣù kẹsàn-án 2020, ibi yòówù kí ẹ ti rà á. Ẹ mu ún tán ní Havana, tàbí kí ẹ fi ta ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Toronto lọ́rẹ.